KÍ A TÓ YÁWÓ RA BÁTÌRÌ TUNTUN



Lọ́dọọdún, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ń lọ sópin, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù owó yíyá tó ń dé ọwọ́ wa ń bèèrè: owó bátìrì katakata. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ bèèrè bátìrì mọ́. Wọ́n ní katakata àwọn ti kú, kí ẹgbẹ́ bá àwọn wá ẹni tí yóò rà á bí irin àlòkù. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tún dé iwájú ìpàdé gbogboogbò. Kí ó tó dé ibẹ̀, èrò tiwa rèé, a kò fi bò: ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni lówó ra bátìrì mọ́ àfi bí a bá ti yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, tí a sì mọ ohun tó pa bátìrì ti tẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìkan nìyí. Owó tí à ń yá ara wa, owó àjùmọ̀ní ni. Ìyá aláta tó ń san owó ìfipamọ́ rẹ̀ lóṣooṣù ní Ìfọ̀ kò ní katakata, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wà nínú bátìrì tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ń rà ní ẹ̀bá Mowé. Bí bátìrì náà bá kú láàárín oṣù mẹ́ta, tí oko kò ṣeé ro, owó á há, àwọn onídùúró ni a ó sì máa ké sí. Bí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kò bá sì ti oko jáde lásìkò, kí ni àwọn ọlọ́jà wa yóò gbé lọ sọ́jà? Òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de bátìrì.

Àwọn katakata tó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ Operation Feed the Nation ní ọdún 1976, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, àti nígbà tí Green Revolution tẹ̀lé e ní ọdún 1980, ọ̀rọ̀ katakata gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Irú Massey Ferguson 135, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní nǹkan bí ọdún 1964, ṣì wà lóko títí dòní. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn kékeré tòkunbọ̀ dé, àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí à ń fi ọwọ́ dì mú rìn lẹ́yìn wọn. Ọjọ́ orí wọn kọ́ ni à ń bá wí. Irin wọn ki, ẹ̀yà ara wọn sì ṣeé rí rà.

Ohun tó yí padà ni oko wa. Láti ìgbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní ọdún 1978, ilé ló ń jẹ oko ní Mowé àti Ìbafò. Bákan náà ló rí fún àwa tí a wà ní Ìfọ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ tó kù ti di kékeré: díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Katakata á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á pa á, wọ́n á tún jí i, wọ́n á tún pa á. Tí ìkórè bá parí, ó di abẹ́ igi màǹgòrò fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Irú ìlò yìí gan-an ló ń pa bátìrì.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Bátìrì kì í bí iná. Àpò àjọ ni. Dáínámò tàbí alternator ló ń dá owó sínú àpò náà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Sítátà ni ẹni tó ń wá kó owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀. Bí ẹni tó ń kó bá ń kó, tí ẹni tó ń dá kò dá mọ́, àpò á gbẹ, kò sí ọgbọ́n tí a lè ta sí i. Bátìrì tuntun tí a gbé sórí katakata tí dáínámò rẹ̀ ti dákẹ́, àpò tuntun ni a rà fún àjọ tí ẹnikẹ́ni kò dá. Yóò jí ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, inú á dùn, wọ́n á ní ṣebí bátìrì ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá tún kú, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bátìrì tó kú ló jẹ́ ayédèrú.

Ohun kan sì tún wà. Bátìrì tí a fi sílẹ̀ láìní agbára nínú kì í dúró bí a ṣe fi í sílẹ̀. Òjé inú rẹ̀ á máa dá èépá funfun tó le, bí ó bá sì pẹ́, ṣíṣájì kò ní lè tú u mọ́. Ooru ilẹ̀ wa ń mú kí ó yá, ó sì ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Nítorí náà, katakata tó wà lábẹ́ igi láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta láìsí ẹni tó fi iná kan bátìrì rẹ̀, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni bátìrì náà kú. Àárọ̀ ọjọ́ òjò kàn jẹ́ ọjọ́ tí a gbọ́ ni.

Kí ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò? Kí a kọ́kọ́ wo orí bátìrì. Bí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá bò ó, iná kò lè kọjá dáadáa. Kí a tú u, kí a fi omi gbígbóná àti sódà tí à ń fi ṣe àkàrà òyìnbó fọ̀ ọ́ láìjẹ́ kí ó kán sínú bátìrì, kí a ha á títí irin rẹ̀ yóò fi dán, kí a dè é le, kí a fi gírísì pa á. Lẹ́yìn náà, kí a wo wáyà tó ti bátìrì lọ sí ara irin katakata. Ọ̀dà àti ìpáàtà ibi tí wọ́n dè é mọ́ máa ń dí iná lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í wo ibẹ̀. Kí a wo bẹ́líìtì tó ń yí dáínámò: bí ó bá dẹ̀, dáínámò kò ní yí tó. Kí a wo omi inú bátìrì: kí ó bo àwọn irin inú rẹ̀. Omi bátìrì nìkan ni kí a fi kún un, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe ásíìdì. Gbogbo èyí kò ná wa ju ọ̀sán kan lọ.

Mítà kékeré tí àwọn oní-rìwáyà ń lò ni yóò sọ èyí tó kù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bátìrì kan. Bí katakata bá ti sinmi láti alẹ́, bátìrì onífólítì 12 tó kún yẹ kí ó fi nǹkan bí 12.6 hàn. Bí ó bá fi 12 géérégé hàn, àpò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Kí a jí ẹ̀rọ, kí a fún un ní epo díẹ̀ kí ó sáré, nítorí dáínámò àtijọ́ kì í dá nǹkan kan bí ẹ̀rọ bá ń rọra mí. Kí a tún wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí ó gòkè sí nǹkan bí 13.8 sí 14.4. Bí kò bá gòkè rárá, ẹni tó ń dá àjọ ti sá lọ: owó bátìrì kọ́ ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́, àtúnṣe dáínámò ni. Bí ó bá kọjá 15, wọ́n ti ń fi iná sè é, bátìrì tuntun náà yóò sì gbẹ. Bí bátìrì bá kún ṣùgbọ́n tí sítátà kàn ń ṣe “kẹ́, kẹ́”, kí a padà sídìí wáyà àti sítátà. Ẹ rí i pé nínú gbogbo èyí, ọ̀nà tó já sí bátìrì tuntun kò pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Lára àwọn katakata àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tó jẹ́ pé orí àkópọ̀, èyí tí wọ́n kọ àmì + sí, ni wọ́n dè mọ́ ara irin, kì í ṣe ti àmì –. Oní-rìwáyà tí kò bá wò ó kí ó tó dè é lè ba nǹkan jẹ́ pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ tú bátìrì, èyí tó so mọ́ ara irin ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ oní-alternator bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má tú bátìrì láti fi dán an wò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ alternator ti jó. Kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nídìí bátìrì tí à ń ṣájì: atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ ń gbiná.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, “Ṣebí ẹ kàn lè tì í?” Títì ń jí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kì í kún àpò. Ọkùnrin mẹ́rin tó ń ti katakata láràárọ̀, iṣẹ́ wọn ló ń ṣòfò, àwọn tó sì ti fara pa níbẹ̀ wà láàárín wa. Àwọn mìíràn á ní kí a ta àwọn ògbólógbòó wọ̀nyí, kí a ra tuntun. Ta ni yóò san owó tuntun? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí a bá sì ra tuntun, tí a gbé e sábẹ́ igi màǹgòrò bíi ti àtijọ́, kò ní pẹ́ tí àwọn méjèèjì yóò fi jọ ara wọn.

Èyí tó wúwo jù ni ti àwọn tó ń wí pé owó yíyá jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ẹgbẹ́, pé kí akọ̀wé má yọjú sí inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn. A gbà pé ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a tó yá ẹnìkan lówó kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ṣé a kì í lọ wo ilẹ̀ náà ni? Wíwò kì í ṣe ìwọ̀sí. Onídùúró tó fọwọ́ síwèé fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá inú ihò ni owó ń lọ.

Ibì kan sì wà tí ọ̀rọ̀ bátìrì ti kọjá owó. Òjé inú rẹ̀ májèlé ni, pàápàá fún ọmọdé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọ 18 ló kú láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù Kẹta ọdún 2008 níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fọ́ bátìrì àlòkù láti yọ òjé. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Ògíjo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, ní ọdún 2025 ni ìròyìn jáde pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tó ń gbé nítòsí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì àlòkù, ìjọba sì ti díẹ̀ lára wọn pa. Gbogbo bátìrì tí a bá pa láìtọ́jọ́ ń lọ síbi kan. Ẹ má fọ́ ọ lágbàlá, ẹ má da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà, ẹ má fi ọmọ rán an. Odindi ni kí ẹ gbé e fún ẹni tó ta tuntun fún yín.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń dá lábàá fún ìpàdé. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ra mítà méjì àti ṣájà méjì, ọ̀kan fún apá Mowé àti Ìbafò, ọ̀kan fún Ìfọ̀. Níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró, kí a lo pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré tó ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù. Kí bátìrì gbogbo katakata tó wà nílé ní ọ̀gbẹlẹ̀ máa kan ṣájà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èkejì, kí fọ́ọ̀mù owó bátìrì ní àyè tí a ó kọ iye fólítì méjì yẹn sí, ti ìgbà ìsinmi àti ti ìgbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Fọ́ọ̀mù tí àyè náà bá ṣófo, kí ó padà. Bí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé dáínámò ni, kí ẹgbẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́ náà lówó dáínámò láìjáfara. Ẹ̀kẹta, kí katakata tí ènìyàn méjì mẹ́ta ní pọ̀ ní olùtọ́jú kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, nítorí ohun tí gbogbo wa ní, tí kò sí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, kò ní í pẹ́ bàjẹ́.

Àbá wa nìyí. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó wá sọ tirẹ̀ ní ìpàdé, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní katakata nílé, ẹ má dúró de ìbò. Ẹ lọ ṣí ìbòrí rẹ̀ lónìí, kí ẹ wo orí bátìrì. Àkọ́rọ̀ kò jìnnà mọ́.