Ọjọ́ Ogun Kọ́ Là Ń Rọ Ọ̀kọ̀

Lọ́dọọdún, bí Oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ ní Ọsirélíà, ariwo kan náà ló máa ń gba orí rédíò àti ìwé ìròyìn ìlú Melbourne kan. Wọ́n á ní ẹgbẹ́ báyìí-báyìí kò lè fi ọwọ́ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù gba ife. Wọ́n á ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn tètè da gbogbo rẹ̀ nù, kó wá òmíràn kí ìdíje àṣekágbá tó wọlé. Àrùn yìí ti ran àwọn kan nínú àwa tí a jọ ń wo eré náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì gba ife láìṣe ohun tí wọ́n wí, wọ́n á ní orí ló bá a ṣe é.

Àwa ò gbà. A ó sọ ìdí tí a ò fi gbà, a ó sì fi orúkọ, ọdún àti iye àmì gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré yìí, ẹ jẹ́ ká là á kalẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe irú bọ́ọ̀lù tí Super Eagles ń gbá. Pápá rẹ̀ rí bí ẹyin, bọ́ọ̀lù náà sì rí bẹ́ẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù 18 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá. Òpó mẹ́rin ló wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan: bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín àwọn òpó méjì tó ga jù, góòlù nìyẹn, àmì 6, bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn, àmì 1 péré. Èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé bọ́ọ̀lù dání kó fi ìkúùkù kejì lù ú sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jù ú. Ìpín mẹ́rin ni eré kan. Ní ọdún 2017 tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, ẹgbẹ́ 18 ló wà nínú líìgì wọn, AFL. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá eré 22, àwọn 8 tó wà lókè àtẹ ló sì wọ ìdíje Oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún àwọn alátakò wa ní ẹ̀tọ́ wọn. Òótọ́ ni pé eré Oṣù Kẹsàn-án le ju ti Oṣù Karùn-ún lọ. Àyè kì í sí mọ́. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ráyè wo ọ̀tún wo òsì kí wọ́n tó wó lù ú. Ẹgbẹ́ tó ti mọ́ lára láti máa fi sùúrù to bọ́ọ̀lù lọ síwájú á rí i pé ọ̀nà ti dí. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹgbẹ́ ní ọwọ́ tó lè dúró nínú ìnira. A gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti yà nìyí: wọ́n rò pé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni wọ́n ń ra irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Àwa ń sọ pé inú ìyà ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n ti ń sẹ́ ẹ, bí ìgbà tí èèyàn ń sẹ́ ògì. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn sísẹ́ ni wọ́n ń gbé wọ Oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ wo Richmond. Wọ́n parí ọdún 2016 sí ipò 13. Láti 1980 ni wọn ò ti gba ife. Láti 2001 ni wọn ò ti borí nínú eré àṣekágbá kankan: ní 2013, 2014 àti 2015, wọ́n wọ ìdíje náà, eré àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní kí wọ́n lé Damien Hardwick, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, lọ sílé. Wọn ò lé e.

Ní 2017, wọ́n borí nínú eré márùn-ún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni Adelaide fi àmì 76 nà wọ́n. Eré mẹ́ta tó tẹ̀ lé ìyẹn ló dunni jù: àmì 5 ni Western Bulldogs fi borí wọn, Fremantle fi àmì 2, Greater Western Sydney fi àmì 3. Ẹni tí ò bá lọ́kàn á ti wá babaláwo.

Àárín ìnira yìí gan-an ni ọ̀nà wọn ti ń yọjú. Ben Griffiths, géńdé gíga tó yẹ kó máa ran Jack Riewoldt lọ́wọ́ níwájú, farapa ní orí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, kò sì sí lórí pápá nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn ì bá wá òmíràn tó ga bíi tirẹ̀. Richmond fi Riewoldt nìkan sílẹ̀ bí igi ọ̀pẹ láàárín oko, wọ́n sì fi àwọn kúkúrú tó yára bí àṣá yí i ká: Dan Butler, Jason Castagna, Daniel Rioli.

Iṣẹ́ wọn rọrùn láti ṣàlàyé, ó ṣòro láti ṣe. Kí bọ́ọ̀lù ṣáà ti máa lọ síwájú: ẹ gbá a, ẹ fi ìkúùkù lù ú, ẹ fi ìka tì í, kó ṣáà ti kúrò níbi tó wà. Bí Riewoldt ò bá lè mú un lókè, kó rí i pé ọ̀tá náà ò mú un. Bó bá ti jábọ́ sílẹ̀, àwọn kúkúrú á ti dé ibẹ̀. Bí ọ̀tá bá ṣíwájú wọn débẹ̀, wọ́n á lé e bí ajá ọdẹ ṣe ń lé ọ̀yà, títí yóò fi gbá ìgbákúgbà. Ìgbákúgbà yẹn ni Alex Rance àti àwọn tó kù lẹ́yìn ń dúró dè.

Ní Oṣù Keje, St Kilda fi àmì 67 wó wọn mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ti àwọn alátakò wa ni, ọjọ́ yẹn ló yẹ kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Richmond wo ẹ̀yìn. Ọwọ́ kan náà ni wọ́n tún fi gbá, eré mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì borí. Nígbà tí Geelong fi àmì 14 borí wọn ní Oṣù Kẹjọ, kí ni wọ́n yí padà? Ẹnì kan ni wọ́n mú wọlé sí iwájú. Jacob Townsend ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ kejì Richmond ní líìgì VFL, òun ló sì gba àmì ẹ̀yẹ J. J. Liston tí wọ́n ń fún ẹni tó dára jù níbẹ̀ lọ́dún náà. Góòlù 6 ló gbá wọlé nígbà tí wọ́n pàdé Fremantle. Kò gbé ọ̀nà tuntun wá. Ọ̀nà tó ti wà nílẹ̀ ló bá, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo Oṣù Kẹsàn-án. Geelong tó fi 14 borí wọn ní Oṣù Kẹjọ, àmì 51 ni Richmond fi nà wọ́n. Greater Western Sydney tó fi 3 borí wọn, àmì 36 ni wọ́n fi san án padà. Ó wá ku Adelaide, ẹgbẹ́ tó wà lókè àtẹ pátápátá, tó sì gba àmì jù gbogbo ẹgbẹ́ lọ lọ́dún náà. Èèyàn 100,021 ló wà ní pápá MCG ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án. Agogo 5:30 ìdájí ni lọ́dọ̀ wa níbí nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Adelaide ló ń ṣíwájú nígbà tí ìpín kìn-ín-ní parí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa parí, Richmond ní 108, Adelaide ní 60. Ẹgbẹ́ tó fi 76 nà wọ́n ni wọ́n fi 48 nà yẹn, láàárín ọdún kan náà, pẹ̀lú akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà àti ọwọ́ ìgbábọ́ọ̀lù kan náà, tó ti gbó sí i.

Àwọn alátakò wa á dìde: wọ́n á ní orí ni. Wọ́n á ní àwọn agbábọ́ọ̀lù Richmond kò fi bẹ́ẹ̀ farapa lọ́dún náà, àti pé Adelaide pàdánù Brodie Smith tí orúnkún rẹ̀ bà jẹ́ ní eré àṣekágbá àkọ́kọ́. Òótọ́ ni méjèèjì. Àwa náà ń kí orí kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí kọ́ ló ń sáré lé ọ̀tá nígbà tí ẹ̀mí ti ń já ní ìpín kẹrin. Bó bá sì jẹ́ orí nìkan ni, kí ló dé tó tún ṣẹlẹ̀ ní 2019, tí Rance farapa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an? Àmì 89 ni wọ́n fi borí Greater Western Sydney ní àṣekágbá ọdún yẹn. Ọjọ́ náà ni Marlion Pickett gbá eré AFL rẹ̀ àkọ́kọ́. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti 1952, kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ àṣekágbá! Ó gbá góòlù wọlé, ara rẹ̀ sì balẹ̀ bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, nítorí ohun tí ẹgbẹ́ ńlá ń ṣe náà ni ó ti ń ṣe nínú ẹgbẹ́ kejì. Ọ̀nà tí wọ́n bá hun lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tuntun kò lè wọ inú rẹ̀ báyẹn.

A ò sọ pé kí ẹgbẹ́ má yí padà láé o. Ní 2018, Richmond ló wà lókè àtẹ, ṣùgbọ́n Collingwood fi àmì 39 já wọn kúrò nígbà tó ku eré kan kí wọ́n dé àṣekágbá. Àwọn ẹlòmíì ti kọ́ ọgbọ́n wọn. Lẹ́yìn tí líìgì parí ni wọ́n mú Tom Lynch, géńdé gíga, láti Gold Coast wá bá Riewoldt níwájú. Wọ́n yí ọ̀nà padà nígbà tí àyè wà láti fi í kọ́ra.

Àwọn kan máa ń pe Geelong 2022 ní ẹlẹ́rìí. Ní 2021, Melbourne fi àmì 83 nà wọ́n nígbà tó ku eré kan kí wọ́n dé àṣekágbá. Ní 2022, àwọn náà fi àmì 81 borí Sydney, wọ́n gba ife. Wọ́n fi sùúrù sílẹ̀, wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú kíákíá. Ó dáa. Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀? Eré 16 ni wọ́n borí léraléra kí wọ́n tó parí ọdún náà. 13 nínú rẹ̀ ló ti wáyé kí ìdíje Oṣù Kẹsàn-án tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́rìí wọn, tiwa ni.

Àwọn mìíràn á ní eré tí kò wuni kò lè gba ife. Ní 2005, Andrew Demetriou tó jẹ́ ọ̀gá àgbà AFL nígbà náà bẹnu àtẹ́ lu Sydney ní gbangba pé ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù wọn burú, pé bí wọn ò bá yí i padà, wọn ò ní borí púpọ̀. Paul Roos, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kò yí i padà. Wọ́n fún ọ̀nà pa, wọ́n fi àmì díẹ̀díẹ̀ ṣẹ́gun. Geelong fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wọn dànù kí Nick Davis tó gbá góòlù 4 ní ìpín kẹrin nìkan, tí wọ́n fi àmì 3 borí. Ní àṣekágbá, Sydney 58, West Coast 54. Láti 1933, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ South Melbourne, ni wọn ò ti gba ife. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Kí ló wá dé tí a fi ń bínú? Nítorí pé ìmọ̀ràn wọn ń pa iṣẹ́ èèyàn. Agbábọ́ọ̀lù tí ẹ sọ fún ní Oṣù Kẹrin pé kó máa sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, tí ẹ wá sọ fún ní Oṣù Kẹjọ pé kó dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ èyí tí yóò ṣe nígbà tí ọ̀tá bá dé ọrùn rẹ̀. Ara kì í rántí ọ̀rọ̀ tuntun nínú ìjà. Ohun tó ti mọ́ ọn lára ló máa ń ṣe. Bó bá sì kùnà, òun ni wọ́n á jókòó tì, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n á lé. Ẹni tó pariwo lórí rédíò á padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bó bá jẹ́ pé Richmond gbọ́ tiwọn ní 2016 ni, Hardwick ì bá ti lọ, ife 2017, 2019 àti 2020 ì bá sì wà níbòmíràn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la bẹ̀ yín. Bí Oṣù Kẹsàn-án bá tún dé, kí ẹ tó sọ pé ẹgbẹ́ kan ò mọ ohun tó ń ṣe, ẹ padà lọ wo eré tó pàdánù ní Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje. Ẹ wo ohun tó yọ kúrò lẹ́yìn eré yẹn, ẹ wo ohun tó fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọ̀kọ̀.