Gáàdì Iwájú Ọkọ̀ Tó Ń Pariwo: Ẹ Má Yí Rédíò Sókè Bò Ó, Ẹ Wá Ìdí Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì àti níbi gbogbo tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti bá yín, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ irin tí a ń dè mọ́ iwájú ọkọ̀ wa ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní bull bar, tí àwa ń pè ní gáàdì.

Ẹ rìn ká Sábó lọ́jọ́ Sátidé kẹ́ ẹ wò ó. Hilux tá a fi ń kó ọjà, Prado àwọn tí Ọlọ́run ti gbọ́ tiwọn, bọ́ọ̀sì Hiace tá a fi ń relé, ọ̀pọ̀ wọn ló ti de irin mọ́ imú. A ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tó bá ti fi òru rìn lójú ọ̀nà wa yìí, tí màlúù já lu títì níwájú rẹ̀, mọ ìdí tí èèyàn fi ń ra gáàdì. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ Adaidaita ti fọ́ iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lójú náà mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn wá ni ariwo. Gáàdì tá a ra láti dáàbò bo ọkọ̀ ló ń dún gbàgà-gbàgà, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, fíìì, kí sì ni à ń ṣe sí i? Àwọn kan á yí rédíò sókè. Àwọn kan á ní, "Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kò sí nǹkan kan." Àwọn tó kù á gbé ọkọ̀ lọ bá wẹ́dà, wọ́n á ní kó jó o pọ̀ mọ́ ṣáásí kó má baà mì mọ́. Lójú tiwa, kò sí èyí tó dáa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta ló sì burú jù.

Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Irin kì í déédéé pariwo. Iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wa kò ṣe gáàdì yẹn mọ́ ọn. Ẹlòmíì ló rọ ọ́, ẹlòmíì tún dá ihò sí i kó lè bá ọkọ̀ mu, bóòtù díẹ̀ ló sì so gbogbo ẹrù irin yẹn rọ̀. Ẹ wá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gba ojú ọ̀nà Mokwa sí Jẹ́bà, kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì, ẹ ó rí i pé ó yẹ kí ó tú. Ariwo yẹn ni irin fi ń sọ fún wa pé nǹkan ti ń tú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tójú wa rí. Nígbà Iléyá kan báyìí, a ń relé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì mẹ́ta. Gáàdì ọ̀kan nínú wọn ti ń dún láti Zaria. Àwọn ìyá tó wà nínú ọkọ̀ ní kí awakọ̀ dúró wò ó. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tá a kọjá Mokwa díẹ̀, irin tó gbá a mú lápá kan gé, gáàdì sì já wálẹ̀, ó ń họ títì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ táyà iwájú. Ọlọ́run ló ní ká má sunkún, nítorí ọkọ̀ ò sáré púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀bá ọ̀nà la sùn mọ́jú pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ àti àgbò, ní ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe ibi àtisùn. Bóòtù kan tí kò le ló fà á.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá gáàdì ni. Línkì, búṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ǹtì àti ṣọ́ọ̀kì náà máa ń dún kò-kò-kò nínú kòtò, iwájú náà sì ni ariwo wọn ti ń wá. Àìmọ̀yàtọ̀ yìí ni àwọn mẹkáníìkì kan fi ń jẹ wá lówó, wọ́n á pààrọ̀ búṣì tí kò ṣe nǹkan kan, ariwo á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di gáàdì mú, ẹ mì ín sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì. Tí òun àti ọkọ̀ bá jọ mì pọ̀, ó ṣì le. Tí gáàdì bá kọ́kọ́ jo tirẹ̀ kí ọkọ̀ tó mì, ẹ ti mú olè. Tí ẹ bá mì ín títí tí kò dún, ṣùgbọ́n tó ń dún nínú kòtò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ kí wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá ṣì rú yín lójú, ẹ tú gáàdì sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà kan náà. Bí ariwo ò bá lọ, gáàdì ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Èkejì, ẹ fetí sí irú ariwo tó jẹ́, nítorí ariwo ò dọ́gba.

Èyí tó ń dún kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nǹkan kékeré ló sábà máa ń jẹ́: nọ́ḿbà ọkọ̀ tó ń gbá irin, iná tá a fi kún un, ọmọrí rọ́bà ẹnu páìpù, tàbí irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ọkọ̀ má sí nínú jíà, kí ẹnì kan máa tẹ iná díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnì kejì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe iwájú ọkọ̀ o, kó máa fi ọwọ́ kan nǹkan wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fọwọ́ kàn tí ariwo sì dákẹ́, òun ni. Ẹ ní kí fọkanáísà gé túúbù ògbólógbòó fún yín, kẹ́ ẹ fi sẹ́yìn nọ́ḿbà yẹn, kẹ́ ẹ wá dè é padà. Ó parí.

Èyí tó ń dún gbàgà nínú kòtò, bóòtù ló ti dẹ̀ tàbí kí irin máa gbá bọ́ńpà. Ẹ wò ó dáadáa: ibi tí irin bá ti ń fi ara gbo irin, ọ̀dà rẹ̀ á ti ṣí, á máa dán, tàbí kẹ́ ẹ rí ìpẹtà pupa bí àtíkè lẹ́bàá bóòtù. Ẹ má kàn fi súpánà fún ọ̀kan ṣoṣo le kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ dẹ gbogbo wọn, kí ẹnì kan gbé gáàdì sókè kó dúró gún régé, kí ẹ fi ọwọ́ wé nọ́ọ̀tì gbogbo wọn tán, kẹ́ ẹ tó fi súpánà fún wọn le lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fún tọ̀tún, ẹ fún tòsì. Súpánà 17 àti 19 ló sábà máa ń bá wọn mu. Ẹ lo wáṣà tó fẹ̀, ẹ sì lo nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ tú bí ọkọ̀ bá ń mì. Ẹ jẹ́ kí àlàfo ìka ọwọ́ kan wà láàárín irin àti bọ́ńpà, nítorí bọ́ńpà ike máa ń mì tirẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lórí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin. Lọ́jọ́ tí ìlà yẹn bá ti já sí méjì, nọ́ọ̀tì ti yí nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀.

Èyí tó ń súfèé fíìì, tó jẹ́ pé ìgbà tí eré bá pọ̀ nìkan ló ń dún, atẹ́gùn ni. Ṣé ẹ rántí bí a ṣe ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sórí ìgò nígbà tá a wà lọ́mọdé? Bákan náà ni. Ẹnu páìpù tó ṣí sílẹ̀, ihò tí wọn ò fi bóòtù sí, tàbí gígún-gígún ẹ̀yìn iná gígùn tá a dè mọ́ ọn ló ń súfèé. Ẹ ra tépù, ẹ lẹ gbogbo ihò pa, ẹ sáré ní ìwọ̀n kan náà lójú ọ̀nà kan náà. Bó bá dákẹ́, ẹ máa ṣí tépù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ihò tó bá súfèé ni ẹ máa fi ọmọrí rọ́bà dí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ihò kékeré sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí omi lè ríbi jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú páìpù ni yóò ti máa dípẹtà láìjẹ́ pé ẹnì kankan rí i. Tó bá jẹ́ iná gígùn ni, ẹ dojú rẹ̀ kọ ibòmíì díẹ̀, ó lè dákẹ́.

Èyí tó ń dún kíì-kíì nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè kékeré ojú títì tàbí tó ń yà wọ géètì, irin ń lọ irin ni. Rọ́bà ni oògùn rẹ̀. Kẹ́ ẹ kàn fi gírísì sí i kò tó, pàápàá lọ́dọ̀ wa níbí, eruku ọyẹ́ á kó sínú gírísì náà, á di yanrìn tó ń jẹ irin. Bí ẹ ti ń wò ó, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Tí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń pupa bí irun, irin ti ń sán nìyẹn. Kò sí rọ́bà tó lè gba ìyẹn sílẹ̀. Ẹ tú u kúrò lójú ẹsẹ̀, kó tó tú ara rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wẹ́dà. Àwọn kan á ní, "Ẹ jó o mọ́ ṣáásí, ó tán." Kò tán o. Iná wẹ́dà á jó ọ̀dà tó ń bo ṣáásí, ìpẹtà á wọlé. Tí wọn ò bá yọ orí bátìrì, ó lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́, owó ìyẹn sì ju owó gáàdì lọ. Èyí tó wá wúwo jù ni pé iwájú àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí, wọ́n ṣe é kó lè fún pọ̀ bó bá kọlu nǹkan ni, kí agbára náà lè kú síbẹ̀ kó má dé àyà wa, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń fi ohun tó ń sọ fún airbag pé àkókò tó sí. Irin tá a jó gan-an mọ́ ṣáásí lè gbé agbára yẹn wọlé bá wa, ó sì lè da airbag lójú rú.

Ẹ tún ro ti ẹni tó wà lóde. Bọ́ńpà ike á fún díẹ̀ bó bá gbá èèyàn. Irin ò ní fún. Ní ọdún 2005, ilẹ̀ Yúróòpù gbé ìlànà jáde pé gáàdì tuntun gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kí wọ́n tó tà á, nítorí àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Àdúgbò wa kún fún ọmọdé tó ń kiri ọjà, almajiri tó ń sáré gba àárín ọkọ̀. Ọmọ èèyàn ni wọ́n. Lójú wa, ẹni tó jẹ́ pé láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù nìkan ni ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ, kò nílò irin kankan níwájú. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni, ẹ̀ṣọ́ tó sì lè pa ọmọ ọlọ́mọ ò yẹ wá.

A mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí èyí. Wọ́n á ní, "Màlúù ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ẹni tó ń rin òru lọ́nà jíjìn lè ní ìdí, a ò sì ní jà sí i. Ohun tá a ń sọ ni pé tí ẹ bá máa dè é, ẹ de èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín gan-an, kẹ́ ẹ fi bóòtù dè é, kẹ́ ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Gáàdì tó ti tú ò lè dá màlúù dúró, ẹrù ikú ló dà yẹn.

Àbá wa ni pé, ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Iléyá àti èyí tó ṣáájú Kérésì, kí gbogbo ọkọ̀ tó máa kó èèyàn wa relé péjọ sójú kan. Kí àwọn ọ̀dọ́ mú súpánà wá, kí wọ́n mì gáàdì, kí wọ́n wo ìlà ọ̀dà, kí wọ́n yẹ táyà àti bíréèkì wò pẹ̀lú. Kò ní gbà ju wákàtí méjì lọ. Owó wáṣà àti rọ́bà kò sì tó owó epo tí yóò gbé wa dé Zaria. Ọkọ̀ tí ò bá wá, kí ẹnikẹ́ni má kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti ìyàwó wa, ẹ gbọ́ tiyín pẹ̀lú. Tí irin bá ń dún níwájú ọkọ̀ tí ẹ wọ̀, ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ fi ohùn líle pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ ní kó dúró, kó sọ̀ kalẹ̀, kó wò ó. Owó yín lẹ san, ẹ̀mí yín ló sì gbé lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ní ọgbọ́n mìíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin mẹkáníìkì tó wà láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. A ò ní fi ẹsẹ̀ kọ o.