Kú Oríire, Ọ̀ta Ayò Orí Kọ̀ǹpútà!

Àbúrò mi, kú oríire o! Kú iṣẹ́, kú àìsùn, kú ìfaradà! Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ ti yege, kọ̀ǹpútà ti mọ ayò olópọ́n tí à ń ta ní Ìkirè àti Àpòmù. Ayọ̀ náà pọ̀ jù fún mi láti pa mọ́ra.

Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kí ló le níbẹ̀? Ó le o! Bí odù, ìyẹn ọmọ tó pọ̀ jọ sínú ihò kan, bá yí ọpọ́n po, ọwọ́ àgbà ọ̀ta á fo ihò tó ti kó ọmọ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀yẹn, àfi bí ènìyàn bá kọ́ ọ. Ìwọ lo kọ́ ọ! O kọ́ ọ pé bí ọmọ ìkẹyìn bá sọ ihò ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, kó jẹ ẹ́, kó sì wo ẹ̀yìn, bóyá jíjẹ ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù lọ ni pé o kò gbàgbé òfin ebi: bí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì bá ṣófo, kí á ta ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí èmi àti kọ̀ǹpútà ń ta á, ọ̀dọ̀ mi gbẹ táútáú, mo ń wo ohun tí ẹ̀rọ náà máa ṣe. Ihò tí ọmọ rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ mi ló ta. Mo pariwo!

Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit, Amsterdam, so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ láti tú àṣírí awari, ẹbí ayò wa. Ìdúró ọmọ ayò tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní bílíọ̀nù 889. Wọ́n rí i pé bí ọ̀ta méjì bá ta á láìṣì í ta, ọ̀mì ni, 24 sí 24. Irú eré tí o fi ṣe iṣẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀!

Ẹ̀yin òbí àbúrò mi, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣeun gan-an. Dòdò Ìkirè ti délẹ̀, ó pupa fòò, ata rẹ̀ ń ta lẹ́nu. Ẹ wá bá wa yọ̀.

Àbúrò mi, fóònù ló kàn o. Gbé ayò náà síbẹ̀, kí bàbá tó jókòó ti ọpọ́n ní Àpòmù lè kojú ọmọ rẹ̀ tó wà ní London. A ti ń retí rẹ̀!