Ẹrù Wa Nínú Ọkọ̀ Òfurufú: Àgádágodo Nìkan Kò Tó

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta gbéra láti pápákọ̀ òfurufú Mallam Aminu Kano ní ìlú Kánò, wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ Sáúdí Arábíà fún ìrìnàjò Umrah. Lẹ́yìn tí wọ́n dé ọ̀hún ni àwọn aláṣẹ mú wọn, nítorí pé a bá oògùn olóró nínú àwọn báàgì tí táàgì orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Àwọn báàgì náà kì í ṣe tiwọn. Ìwádìí àjọ NDLEA, tí ń gbógun ti oògùn olóró, fi hàn pé àwọn ọ̀daràn kan tí ń lo pápákọ̀ náà ni ó fi orúkọ àwọn èrò wọ̀nyí ránṣẹ́, láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n lò ní àtìmọ́lé kí a tó rí wọn gbà sílẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti ìlú Kánò kan náà bá ìyá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Sáúdí, a sì mú un nítorí báàgì kan tí Tramadol wà nínú rẹ̀, tí a so orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2019 ni a tó dá a sílẹ̀. Ẹ rántí pé òfin ilẹ̀ náà lè dá ikú fún ẹni tí ó bá kó oògùn olóró wọlé. Bí kò bá jẹ́ pé àwọn ẹbí rẹ̀ kígbe sókè, tí ìjọba sì dá sí i, ta ni ó mọ ohun tí ì bá gbẹ̀yìn rẹ̀?

Ẹ̀yin ará, Mùsùlùmí ni àwọn tí ó fara gbá a, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà. Àwọn Kristẹni ń gba abẹ́ àjọ NCPC lọ sí Jerúsálẹ́mù. Àwọn àlùfáà ń lọ sí àpéjọ ní Lọ́ńdọ́nù àti ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìyá wa sì ń lọ wẹ ọmọ tuntun fún àwọn ọmọ wọn ní òkè òkun. Èrò ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni pé ohun tí olè pápákọ̀ lè ṣe kò ju kí ó yọ bàtà tàbí aṣọ léèsì lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń ráyè yọ nǹkan kúrò nínú ẹrù lè ráyè fi nǹkan sí i, ó sì lè so orúkọ ẹni mọ́ ẹrù ẹlòmíràn. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí èrò máa bi ara rẹ̀ ni pé: ẹ̀rí wo ni mo ní lọ́wọ́ pé èyí ni tèmi, àti pé ìyókù kì í ṣe tèmi?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá ti kúrò lórí òṣùwọ̀n níwájú káńtà, ojú ẹni tí ó ni ín ti kúrò lára rẹ̀ nìyẹn. Yóò gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá, yóò gun orí ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn agbẹ́rù yóò sì tò ó sí ikùn bàlúù. Bí a bá ní láti pààrọ̀ ọkọ̀ ní ìlú mìíràn, gbogbo rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Àgádágodo kékeré tí a fi so orí síìpù méjèèjì pọ̀ kò dá olè dúró. Ẹnu bírò lásán tó láti la eyín síìpù láàárín. Bí ó bá ti mú ohun tí ó fẹ́ tán, yóò wọ́ orí síìpù tí a so pọ̀ náà lọ, yóò wọ́ ọ bọ̀, ẹnu àpótí yóò sì padé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àpótí líle tí kò ní síìpù rárá sàn jù fún èyí. Ọ̀rá tí a ń sanwó láti fi wé ẹrù náà ní ìwúlò tirẹ̀: ọ̀bẹ lè gé e, ṣùgbọ́n bí a bá gé e, yóò hàn sí gbogbo ènìyàn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé Nàìjíríà nìkan ni èyí wà. Ní Amẹ́ríkà, láti ìparí ọdún 2002 ni òfin ti ní kí a máa yẹ gbogbo ẹrù tí ń lọ sí ikùn bàlúù wò, àjọ TSA sì ní àṣẹ láti ṣí èyíkéyìí tí ó bá fẹ́. Àgádágodo pàtàkì tí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Ní ọdún 2014, ìwé ìròyìn ńlá kan gbé àwòrán àwọn kọ́kọ́rọ́ náà jáde, nígbà tí ó sì di ọdún 2015, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń tẹ nǹkan jáde láti inú rọ́bà lè ṣe tirẹ̀ nílé. Ní ọdún 2008 pàápàá, a mú òṣìṣẹ́ TSA kan ní pápákọ̀ Newark, tí ó ń jí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà inú ẹrù àwọn èrò, tí ó sì ń tà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kámẹ́rà àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wà lára ohun tí ó jí.

Owó, góòlù, oògùn tí a ń lò lójoojúmọ́, ìwé ẹ̀rí àti kọ̀ǹpútà kò ní ohunkóhun ṣe nínú àpótí tí a óò fi lé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. (Báńkì agbáná, tí a fi ń gba iná sí fóònù, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, nítorí ewu iná.) Ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ ń ká owó ọrẹ ìjọ sínú ẹ̀wù láàárín àpótí, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà báńkì wà.

Ibi tí ó kàn wá jù lọ wàyí ni àṣà ìjọ wa. A fẹ́ràn láti máa rìn pọ̀. Olórí ikọ̀ yóò gba ìwé ìrìnnà gbogbo ènìyàn, yóò lọ sí káńtà, a óò kó ẹrù gbogbo wa jọ gègèrè, wọn yóò sì máa lẹ táàgì mọ́ wọn bí ó ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Báyìí ni ẹrù ẹni mẹ́wàá ṣe lè bọ́ sí orúkọ ẹnì kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ bí ó bá di mẹ́tàlá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Kí olúkúlùkù dúró níwájú òṣùwọ̀n pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀, kí ó ka iye báàgì àti iye kílò tí a kọ sórí ìwé táàgì tí wọ́n bá fún un, kí ó sì fi fóònù ya àwòrán àpótí náà lórí òṣùwọ̀n, pẹ̀lú táàgì lára rẹ̀. Bí iye tí wọ́n kọ bá ju ohun tí ó gbé wá lọ, kí ó má ṣe kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ "ẹ bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi." Ó ṣòro láti kọ̀ fún ìyá ìjọ tí ó gbé ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ wá ní alẹ́ ọjọ́ tí a ń rìnrìn àjò. Síbẹ̀, ẹrù tí a kò tú wò níṣojú ẹni tí ó gbé e wá, tí a kò sì fi ọwọ́ ara wa dì, kò yẹ kí a gbé e. Èmi kò rí i bí àìlójú àánú. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kò fẹ́ kí a tú u, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn.

Àwọn kan ń fi AirTag, tí ilé iṣẹ́ Apple gbé jáde ní ọdún 2021, sínú àpótí wọn. Yóò sọ ibi tí àpótí wà fún wa. Kò lè sọ ohun tí a yọ nínú rẹ̀.

Ní ti òfin, Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, ni ó de àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lórí ìrìnàjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2024, iye tí ó pọ̀ jù tí èrò kan lè gbà fún ẹrù rẹ̀ tí ó sọnù, tí ó bàjẹ́ tàbí tí ó pẹ́ dé jẹ́ 1,519 ní ìwọ̀n owó SDR ti àjọ IMF, èyí tí ó tó nǹkan bíi 2,000 dọ́là Amẹ́ríkà. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá níye lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kéde rẹ̀ níwájú káńtà kí ó tó fi í sílẹ̀, kí ó sì san owó lé e bí wọ́n bá béèrè. Fún ẹrù tí a bàjẹ́, ọjọ́ 7 péré lẹ́yìn tí a gbà á ni a ní láti fi ẹjọ́ sùn ní kíkọ sílẹ̀. Fún èyí tí ó pẹ́ dé, ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹrù tí kò bá dé rárá títí ọjọ́ 21 fi kọjá ti di èyí tí ó sọnù lójú òfin. Ọdún méjì ni ààyè wà láti pe ẹjọ́ ní kóòtù.

Àwọn ará wa a máa pàdánù ẹ̀tọ́ yìí nítorí ìkánjú. Àwọn tí ó wá pàdé wọn ń dúró lóde, wọn a sì ti ẹrù jáde láìwò ó. Ẹ wo síìpù, ẹ wo ọ̀rá, kí ẹ tó kúrò ní gbọ̀ngàn ìkẹ́rù. Bí àmì kan bá wà pé a ṣí i, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹrù ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí ẹ fi kílò rẹ̀ wé ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì gba fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn tí ó ní nọ́ńbà. Bí ẹ bá sì rí báàgì tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe tiyín, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ pe òṣìṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì fi àwòrán inú fóònù yín hàn án.