Ẹ̀jẹ̀ Kò Tó, Ṣùgbọ́n Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ló Wọ́n

Bí ó bá ti ń rẹ àgbàlagbà, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì funfun, ìdájọ́ ará ilé ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Wọn a ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un, wọn a se ẹ̀fọ́, wọn a sì ní kí ó máa jẹun dáadáa. Ìdájọ́ náà lè tọ̀nà. Ibà, aràn àti àìtó èròjà irin ń fa púpọ̀ nínú àìsàn yìí ní Nàìjíríà. Àṣìṣe ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé gbogbo ohun tí ó bá ti wọ ẹnu ti wọ ara.

Inú ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹyin àti wàrà ni fítámì B12 wà. Òun ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa, òun náà ni ó sì ń dáàbò bo àwọn iṣan tí ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Kò lè dá wọlé. Èròjà kan tí àpòlúkù ń pèsè ni ó gbọ́dọ̀ sìn ín dé ìpẹ̀kun ìfun kékeré, kí ara tó lè gbà á. Ara àwọn kan a máa gbógun ti àpòlúkù ara rẹ̀ títí èròjà náà yóò fi tán.

Lọ́dún 1929, dókítà William Castle ní Boston fi èyí hàn lọ́nà tí ó lè rí ẹlòmíràn lára. Ó fún àwọn aláìsàn ní ẹran màlúù. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbérí. Ó wá mú irú ẹran náà tí ẹni tí ara rẹ̀ le ti jẹ, tí wọ́n sì gbà jáde láti inú àpòlúkù rẹ̀ lẹ́yìn bí wákàtí kan, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹran kan náà ni. Omi inú àpòlúkù ni ó yàtọ̀.

Ibi tí ewu wà gan-an ni hóró folic acid tí àwọn ènìyàn ń rà láìbéèrè. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní B12 pọ̀ sí i, kí inú ilé sì dùn, nígbà tí iṣan rẹ̀ ṣì ń bàjẹ́ lọ. (Kí aboyún má tìtorí èyí pa tirẹ̀ tì, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí kò ṣe àyẹ̀wò ni èyí.) Ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, iyè á máa ra, kò ní lè rìn tààrà nínú òkùnkùn mọ́. Nígbà náà ni wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni, tí owó tí ó yẹ kí ó lọ sí ilé àyẹ̀wò yóò gba ọ̀dọ̀ wòlíì tàbí babaláwo lọ.

Àyẹ̀wò PCV nìkan kò tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó ni ó ń sọ. Kò sọ bóyá hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tí í ṣe àmì pàtàkì. Ó yẹ kí dókítà tún bi í bóyá wọ́n ti gé nínú àpòlúkù rẹ̀ rí, kódà bí ó ti pé ọdún mélòó kan, nítorí B12 tí ẹ̀dọ̀ fi pamọ́ a máa pẹ́ kí ó tó tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ti ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà láti ọjọ́ pípẹ́: oògùn náà lè dín B12 kù, síbẹ̀ ṣúgà nìkan ni wọ́n ń di ẹ̀bi ẹsẹ̀ tí ń kú tipiri rù.

Abẹ́rẹ́ B12 kò gba inú àpòlúkù kọjá, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò máa gbà á títí ọjọ́ ayé wọn. Ẹ̀jẹ̀ a máa tètè padà bọ̀ sípò. Iṣan tí ó ti bàjẹ́ pẹ́ lè má padà mọ́.