Ẹ Yé Fi Ẹni Tí Kọ̀ǹpútà Fìyà Jẹ Ṣe Yẹ̀yẹ́

Àwàdà kan wà tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fẹ́ràn láti máa pa. Wọ́n ní oníbàárà kan pè wọ́n lórí fóònù pé ibi tí òun máa ń gbé ife tíì lé lára kọ̀ǹpútà òun ti kán. Àṣé ibi tí wọ́n ń ki síídì bọ̀ ló ń wí. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dápàárá láàárín ara wọn, pé àárín kíbọ́ọ̀dù àti àga ni ìṣòro wà. Ẹni tó jókòó sórí àga ni wọ́n ń bú.

Mo lòdì sí àwàdà yìí. Bá a ṣe ń fi ẹni tó ń lo ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ là ń kọ́ ara wa pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe, èèyàn nìkan ló ń ṣe é.

Ẹ rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2025. JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì ní Nàìjíríà, gbé èsì ìdánwò náà, UTME, jáde. Nínú àwọn ọmọ bíi mílíọ̀nù méjì tó ṣe é, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ni ò gba máàkì 200 nínú 400. Kíá ni yẹ̀yẹ́ gba ìlú kan: wọ́n ní orí TikTok làwọn ọmọ ìwòyí ti ń kàwé. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ pàápàá ní èsì náà fi hàn pé ogun tí ìjọba ń gbé ti màgòmágó nínú ìdánwò ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ń pariwo pé èsì yìí kì í ṣe tàwọn. Ta ló fẹ́ gbọ́? Kọ̀ǹpútà ti rojọ́ tiẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àgbà òṣìkà sì ni gbogbo wa lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó jẹ́wọ́, ó sì sunkún. Wọ́n ti yí bí ẹ̀rọ ṣe ń to ìbéèrè àti ìdáhùn padà, ṣùgbọ́n wọn ò gbé àtúnṣe tó yẹ kó bá a rìn sórí àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn márààrún. Ibùdó ìdánwò 157 ni: 65 l'Ékòó, 92 lọ́hùn-ún. Ọmọ 379,997 ló kàn. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ìgbàgbọ́ yìí, pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe, gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n. Horizon, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Fujitsu ṣe fún àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́, ń sọ pé owó dín níbi tí owó ò ti dín. Àwọn alábòójútó ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n dá lẹ́bi lé ní 900; wọ́n rán ọ̀kan nínú wọn, Seema Misra, lọ sẹ́wọ̀n lọ́dún 2010 tòun ti oyún nínú. Òfin ibẹ̀ ní kí ilé ẹjọ́ gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi tí ẹnìkan bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2024 ni ilé aṣòfin tó fi òfin pa ìdálẹ́bi wọ̀nyẹn rẹ́.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ̀rín. Lọ́dún 2004, nínú eré Little Britain lórí BBC, akọ̀wé báńkì kan wà tó máa ń tẹ kọ̀ǹpútà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, táá wá sọ fún oníbàárà pẹ̀lú ojú líle pé kọ̀ǹpútà ò gbà. Ẹni tó fi ẹ̀rọ bojú ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà níbẹ̀. Irú ẹ̀ la nílò. Ẹ bá wa fi ẹni tó ń sọ pé “nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí” láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ṣe é. Ẹ bá wa fi báńkì tí ATM rẹ̀ yọ owó nínú àkáǹtì láì pọ kọ́bọ̀ ṣe é, tó tún wá ní kí oníbàárà lọ kọ lẹ́tà.

Wọ́n á ní àwàdà lásán ni. Kì í ṣe lásán fún ọmọ tí bàbá ẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí máàkì tí kì í ṣe tiẹ̀. Oloyede ti tọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi àwọn ọmọ wọ̀nyẹn pa àwàdà ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa tọrọ tiyín?