Ìtàn Ta Ni Wọ́n Ń Tà Létí Òkun?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti ṣàròyé nípa ibùsùn. Lóòótọ́, ní òru méjì tí a fi sùn sí ilé ìtura kan létí òkun ní Ouidah, omi kò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ní òwúrọ̀, ẹ̀rọ amúnáwá sì ń bú ramúramù títí di ìdájí. A lè fi gbogbo èyí jì wọ́n. Ọmọ Gouka tó ti ru omi odò rí kò ní tìtorí omi ẹ̀rọ bínú. Ohun tí a kò lè gbójú fò ni pé wọ́n gba owó ìtàn lọ́wọ́ wa, wọn kò sì mọ ìtàn náà.

Wọ́n ṣèlérí pé afinimọ̀nà yóò mú wa dé Ẹnubodè Àìpadàbọ̀, èyí tí a kọ́ sí etí òkun ní ọdún 1995. Afinimọ̀nà náà sọ ti àwọn ọba Dàhómì, ó sì sọ ti àwọn oníṣòwò òyìnbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan béèrè ibi tí àwọn tí wọ́n tà ti wá, ó nawọ́ sí ìhà àríwá, ó ní: «Láti inú igbó lọ́hùn-ún.»

Inú igbó lọ́hùn-ún ní orúkọ. Ní ọdún 1860, àwọn ọmọ ogun Dàhómì kó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kossola lẹ́rú. Wọ́n tì í mọ́ àgọ́ ẹrú ní Ouidah fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ọkọ̀ Clotilda tó gbé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí 110, lọ sí Alabama. Òfin Amẹ́ríkà sì ti ka òwò náà léèwọ̀ láti ọdún 1808. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ Africatown dó. Zora Neale Hurston fọ̀rọ̀ wá Kossola lẹ́nu wò ní ọdún 1927. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀, Barracoon, jáde ní ọdún 2018. Onímọ̀ ìtàn Sylviane Diouf sì ti ṣàlàyé pé ọmọ Ìṣà ni Kossola, láti agbègbè Bantè. Ará ilé wa ni.

Àwọn kan yóò sọ pé oúnjẹ àti ibùsùn ni iṣẹ́ ilé ìtura, pé iṣẹ́ olùkọ́ ni ìtàn. A gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má gbowó ìtàn mọ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn yóò ní irú ọ̀rọ̀ yìí lè da àárín Fọ̀n àti Ìṣà rú. A kò gbà. Aládùúgbò tó mọ òtítọ́ nípa ara wọn ló lè jọ gbé pọ̀ láìfura. Egbò tí a bò mọ́lẹ̀ kì í jinná.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí orúkọ Kossola àti ti Bantè wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń fi àlejò mọ̀nà níbẹ̀. Kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ èdè wa sí iṣẹ́ náà. Kí wọ́n wá sí Bantè àti Gouka láti bi àwọn àgbà ní ìbéèrè.

Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, owó ẹgbẹ́ wa kò gbọdọ̀ wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́. A ó máa kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí etí òkun síbẹ̀, a ó sùn lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Cotonou, a ó sì fi ẹnu ara wa sọ ìtàn wa.